Báàjì fìlà ológun tó ní adé ọba tuntun: ṣé fífúyẹ́ rẹ̀ ló fi hàn pé kò dáa?

Ìyá kan tó ń gbé ní London kọ̀wé béèrè nípa báàjì fìlà ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wà nínú Royal Engineers, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ inú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti gba báàjì tó ní lẹ́tà Ọbabìnrin Elizabeth lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní èyí tó ní lẹ́tà Ọba Charles. Ìyá gbé tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàjì idẹ ọlọ́pẹ, èyí tó ní igi ọ̀pẹ lára, tí bàbá ọkọ rẹ̀ wọ̀ dé Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Ó rí i pé tuntun fúyẹ́ bí ìdérí ìgò, pé ìlẹ̀kẹ̀ orí adé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, pé àwọ̀ wúrà rẹ̀ kò sì bá ti ọ̀rẹ́ ọmọ náà mu. Ó ń béèrè bóyá iṣẹ́ gbàrọgùdù ni, àti bóyá kí òun ra èyí tó wúwo fún ọmọ náà.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Fífúyẹ́ kọ́ ni àrùn báàjì. Bí báàjì bá lárùn, ibi mẹ́rin la ti ń rí i: ojú òǹtẹ̀ tí wọ́n fi lù ú, etí rẹ̀ tí wọ́n gé, ẹsẹ̀ tó fi ń dúró lára fìlà, àti aró tí wọ́n rẹ ẹ́ sí. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó tẹ́ yẹn nìkan ni mo gbà pé ó tó ohun tí èèyàn ń bínú sí. Àwọ̀ tí kò bá ara mu lè jẹ́ àìdáa, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ìwọ̀n, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí adé, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti ṣẹ̀. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wàjà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 2022. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti fi lẹ́tà ọba tuntun han gbogbo ayé: C àti R, pẹ̀lú òǹkà Róòmù mẹ́ta tó dúró fún Charles Kẹta, adé sì wà lókè wọn. Adé yẹn kì í ṣe irú ti ìyá rẹ̀. Láti 1901, nígbà tí Edward Keje gorí oyè, títí dé ọ̀dọ̀ George Kẹfà, adé tí wọ́n ń pè ní Tudor ló wà lórí báàjì àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì. Elizabeth ló mú adé Edward Mímọ́ wọlé nígbà tó jọba. Charles wá padà sí ti Tudor. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àsíá Nàìjíríà ayé amúnisìn, adé Tudor yìí gan-an ló kọ́kọ́ wà láàárín ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà tó wà lára rẹ̀.

Ìyàtọ̀ àwọn adé méjèèjì kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ wo apá tó gbéra láti etí adé lọ pàdé lókè. Ní ti Edward Mímọ́, apá náà ga lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá tẹ̀ wọnú láàárín, bíi kí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ orí ìyẹ̀fun pípò. Ní ti Tudor, kò tẹ̀ wọnú níbì kankan. Ó ṣe roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Bọ́ọ̀lù kékeré àti àgbélébùú orí adé wá gòkè ju tàtijọ́ lọ. Ìyípadà kékeré ló jọ lójú wa, àmọ́ lójú ẹni tó ń ṣe báàjì, gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ ló ti di aláìwúlò.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni ọ̀rọ̀ náà kàn bákan náà. Royal Engineers gbé lẹ́tà ọba sáàárín báàjì wọn, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ọba bá pààrọ̀ ni tiwọn ń yí, adé àti lẹ́tà pọ̀. Ti Royal Artillery, àwọn oníbọn ńlá, adé orí ìbọn nìkan ló yí. Àwọn Welsh Guards tó ń wọ ewébẹ̀ leek kò ní adé lórí rẹ̀, nítorí náà báàjì wọn kò ní ohun tí wọ́n á yí. Wọn kò sì kó gbogbo báàjì àtijọ́ dànù lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ṣì fi máa rí ọmọ ogun méjì tí wọ́n wọ adé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú títì kan náà.

Ní ti ìwọ̀n: idẹ ni wọ́n fi ṣe ti bàbá ọkọ yín, ìyẹn bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ ogun láti bí ọdún 1950 sí 1960 wá, alumíníọ̀mù ni. Ẹ mú ègé idẹ kan tó wọn gíráàmù 8.5, kẹ́ ẹ mú alumíníọ̀mù tó tóbi tó o gẹ́lẹ́, gíráàmù 2.7 péré ni á wọ̀n. Ìdá mẹ́ta ìwọ̀n idẹ nìyẹn, kò sí ọgbọ́n tí alágbẹ̀dẹ lè ta sí i. Wọ́n yan alumíníọ̀mù nítorí pé idẹ ń dúdú, ọmọ ogun sì ní láti máa fi Brasso, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń dán idẹ, nù ún lójoojúmọ́, títí lẹ́tà inú rẹ̀ á fi yọ́ dànù. Aró tí wọ́n fi sára alumíníọ̀mù kì í béèrè fún dídán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n máa ń kọ́kọ́ ya àwòrán, wọ́n á ṣe àpẹẹrẹ kan tí àwọn aláṣẹ á fọwọ́ sí, àpẹẹrẹ yẹn ni gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ jọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ irin òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí jẹ́ irin líle tí wọ́n gbẹ́ báàjì sí ní ìdàkejì: ibi tó máa yọ síta lójú báàjì jẹ́ kòtò nínú òǹtẹ̀. Wọ́n á sè é nínú iná, wọ́n á tì í bọ omi tàbí òróró kó lè le, wọ́n á tún yá a níná díẹ̀ kó má bàa sán bíi dígí. Òǹtẹ̀ kejì wà tó ń ti ẹ̀yìn wọlé, kí irin pẹlẹbẹ lè wọ gbogbo kòtò. Ohun tó fà á nìyí tí ẹ̀yìn báàjì tí wọ́n lù fi ní àwòrán tó wọnú, níbi tí iwájú ti yọ síta.

Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lù kì í sábà nípọn ju mílímítà kan lọ. Wọ́n á gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjèèjì, òòlù ńlá á já lé e lórí. Bí àwòrán bá jinlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Irin tí wọ́n bá lù máa ń le sí i, bí wọ́n bá sì ń lù ú lọ bẹ́ẹ̀ á fà ya. Nítorí náà wọ́n á gbé e padà sínú iná kó rọ̀, wọ́n á fọ eérú ara rẹ̀ dànù, wọ́n á tún lù ú. Ẹni tó bá ń sáré kí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ á fo ìgbésẹ̀ yìí. Irin kò wá ní ráyè wọ inú kòtò tó kéré jù lọ, kòtò tó kéré jù lọ sì ni ti ìlẹ̀kẹ̀ orí adé.

Ẹ wò ó báyìí, mà: báàjì tó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, adé orí rẹ̀ lè máà ju mílímítà 12 lọ ní fífẹ̀. Ẹ tò ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ sórí apá kan adé bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní tó mílímítà kan. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe ń kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìlẹ̀kẹ̀ ń gbà tẹ́. Ó lè jẹ́ pé irin kò kún kòtò, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Irú ìyẹn, orí ìlẹ̀kẹ̀ á tẹ́, á sì ṣe gbúngbùn-gbúngbùn, kò ní dán. Ó lè jẹ́ pé òǹtẹ̀ ti lu ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún báàjì, ojú rẹ̀ ti jẹ. Irú ìyẹn, gbogbo etí àwòrán ló máa ṣe múlọ́múlọ́, kì í ṣe ti ìlẹ̀kẹ̀ nìkan, àwọn òǹkà mẹ́ta inú lẹ́tà ọba á sì fẹ́ máa dì mọ́ ara wọn. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wọ́pọ̀ jù: ẹni tó ń fi ẹ̀rọ dán an kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ jù. Ibi tó ga jù lọ ni ẹ̀rọ ń jẹ, ìlẹ̀kẹ̀ ló sì ga jù. Tí ti ọmọ yín bá dán gbinrin níbi tó tẹ́, tí àwọn ibi tó jìn nínú báàjì sì mú dáadáa, ọwọ́ adánrin ló bà á jẹ́, òǹtẹ̀ kọ́.

Àṣìṣe ti adé tuntun gan-an yàtọ̀ sí ìyẹn, ó sì dùn mí jù, torí àìbìkítà ni. Àwọn kan wà tí wọn kò gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú àwòrán àtijọ́, wọ́n ti àárín apá adé sókè, wọ́n ní ó ti di Tudor. Ohun tó bá jáde kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn: èjìká adé ṣì ga bíi ti Edward Mímọ́, orí rẹ̀ wá ṣe pẹlẹbẹ. Tudor tòótọ́ kò ní èjìká. Láti etí títí dé àárín, ìlà kan ṣoṣo ló ń gùn bọ̀.

Ti etí gígé náà ńkọ́? Lẹ́yìn lílù, irin tó ṣẹ́kù yí báàjì ká, wọ́n á fi irin mìíràn tó ní àpẹẹrẹ etí báàjì gé e kúrò, wọ́n á sì fi òmíràn lu ihò sáàárín ibi tó bá yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá. Irin méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ bá adé tuntun mu. Bí wọ́n bá fi ti àtijọ́ gé e, á jẹ orí àgbélébùú tàbí kó fi ìpẹ́ irin sílẹ̀ léjìká adé, níbi tí ti àtijọ́ ti yọ jù. Ẹ fi ìka yí etí báàjì ká jẹ́jẹ́. Bó bá ń gé yín lọ́wọ́, irin ìgétí ti kú tàbí kò bá a mu. Ẹ tún wo ọrùn àgbélébùú orí adé: ibẹ̀ ló tín-ín-rín jù, bí wọ́n bá gé e wọlé díẹ̀ báyìí, ọjọ́ tí béréètì, fìlà rírọ̀ àwọn ológun, bá já sílẹ̀ ni yóò kán.

Ó kan aró. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ á tètè lóye rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ri báàjì sínú asídì gbígbóná tó ń jẹ́ kó dán, lẹ́yìn náà wọ́n á rì í sínú omi tó ní sulphuric acid bí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná tó bíi fólítì (volt) 12 sí 18 máa gba inú rẹ̀ kọjá, omi náà kò sì gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ púpọ̀. Iná yìí ń sọ ojú alumíníọ̀mù di awọ líle tó kún fún ihò tí ojú lásán kò lè rí. Inú ihò yẹn ni aró ń wọ̀. Níbi tí wọ́n bá fẹ́ kó funfun bíi fàdákà, wọ́n á fi ohun kan bò ó kí aró má débẹ̀, bí ẹlẹ́kọ ṣe ń fi ẹ̀kọ bo aṣọ. Ní ìparí, wọ́n á sè é nínú omi mímọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, kí ẹnu àwọn ihò náà lè dí, kí aró má lè jáde mọ́.

Àwọ̀ wúrà tí kò bá ti ọ̀rẹ́ mu, inú ìkòkò aró ni ó ti wá. Aró tó pẹ́ díẹ̀ sí i, tó gbóná díẹ̀ sí i, tàbí alumíníọ̀mù tó wá láti ìdì mìíràn, tó láti yí i padà láti orí wúrà pupa sí orí wúrà tó fẹ́ jọ ọsàn wẹ́wẹ́. Bí gbogbo ọmọ ogun ẹgbẹ́ kan bá ń gba báàjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kí wọ́n gba ìdì kan, àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn nìkan kò ní kí báàjì máà pẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni ṣíṣí. Ẹni tí kò sè é pẹ́ tó lẹ́yìn aró, aró rẹ̀ á ṣí bí aṣọ tí kò mu aró yó: oòrùn á gbà á, òógùn á gbà á, láàárín oṣù mélòó kan ó ti di funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ lè dán an wò. Ẹ fi ìkọ̀wé onínkì olómi kán inkì díẹ̀ sí ẹ̀yìn báàjì, níbi tí kò hàn. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Bó bá kúrò pátápátá, ẹnu ihò ti dí. Bí àbàwọ́n bá kù, wọn kò sè é tó.

Ẹsẹ̀ báàjì ni àwọn èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ irin pẹlẹbẹ gígùn tó ń wọ inú ihò lára fìlà. Èkejì jẹ́ òrùka kéékèèké méjì tí píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń gba inú wọn kọjá lẹ́yìn fìlà. Lára báàjì idẹ, iná ni wọ́n fi ń jó ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n fi àdàlù fàdákà jó, tó ń béèrè iná tó ju ìwọ̀n 600 lọ, kì í ṣí; èyí tí wọ́n fi àdàlù tánńganran jó ní nǹkan bí ìwọ̀n 200 máa ń já bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ ọ̀hún gbé fìlà. Wọn kì í jó o báyẹn mọ́ alumíníọ̀mù: wọ́n ń tẹ ahọ́n irin mọ́lẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà lórí kó lè dì í mú. Ẹ di ẹsẹ̀ náà mú láàárín ìka méjì, kẹ́ ẹ mì í díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ń mì lónìí, yóò bọ́ lọ́jọ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ríra. Níbi tó wúwo ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ èyí tó wúwo tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe idẹ tí wọ́n lù. Síńkì ni wọ́n yọ́ dà sínú irin oníkòtò, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Síńkì ń yọ́ ní bíi ìwọ̀n 420, ó rọrùn láti dà, owó òǹtẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bí idẹ, nítorí náà ó ń tan ọwọ́ jẹ. Dídà kì í ṣe àbùkù fúnra rẹ̀. Àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò, dídà ni wọ́n dà wọ́n. Ohun tí kò dáa ni ìdà kánjúkánjú. Atẹ́gùn tó há sínú síńkì á wú sókè lábẹ́ àwọ̀ wúrà bí ìléròrò lójú ọmọdé, á bẹ́, ojú síńkì dúdú á sì yọ. Bó bá kán, ó kán nìyẹn. Kì í tẹ̀ kí wọ́n tún un nà bí idẹ.

Ẹ béèrè fún àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òǹtajà kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ẹ̀yìn bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì rí rínkinrìnkin bíi yanrìn, wọ́n dà á ni. Tí àwòrán bá wọnú lẹ́yìn, wọ́n lù ú. (Àwọn kan tí àwọn ọ̀gá ológun ń wọ̀, wọ́n ń lù ú láìjẹ́ kí ẹ̀yìn wọnú, àmọ́ ojú ẹ̀yìn irú wọn á dán, kò ní rí bíi yanrìn.) Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn: idẹ, alumíníọ̀mù àti síńkì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá fà á gírígírí, irin lásán ló wà nísàlẹ̀ àwọ̀ yẹn, òjò kan ló kù kó dípẹtà.

Ẹ̀tàn kan tún wọlé pẹ̀lú adé Tudor. Báàjì ẹgbẹ́ tí kò ní lẹ́tà ọba nínú, bíi ti Royal Artillery, tuntun rẹ̀ ti fẹ́ jọ èyí tí wọ́n wọ̀ jagun ní 1940. Àwọn kan á fi omi iyọ̀ tàbí asídì pa tuntun náà láwọ̀, wọ́n á pè é ní ti ogun Hitler, wọ́n á gbowó ńlá lé e. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù aláró ni, kò lè jẹ́ ti ogun yẹn, torí lẹ́yìn ogun ni irú rẹ̀ dé. Nígbà ogun, idẹ, irin funfun, tàbí ike ni wọ́n fi ń ṣe é. Ike yẹn wá nítorí pé wọ́n nílò idẹ fún ọta ìbọn. Ti Royal Engineers kò ní ìdààmú yìí, lẹ́tà inú rẹ̀ ló máa sọ ọba tó ni ín.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ọmọ yín ni kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ sájẹ́ńtì-méjọ̀ rẹ̀. Ọmọ ogun kì í wọ báàjì tó wù ú. Bí wọ́n bá gbà fún un, ilé ìtajà ẹgbẹ́ wọn fúnra rẹ̀ ló dáa jù, torí àpẹẹrẹ tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n ń tẹ̀lé. Èyí tí wọ́n fún un tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tẹ́, kó gbé e padà síbi tí wọ́n ti gbà á, kó sì fi ti ẹlòmíràn tó mú dáadáa hàn wọ́n níbẹ̀.

Bó bá ti rí èyí tó dáa, kó má fi Brasso kàn án láé. Yanrìn kíkúnná ló wà nínú Brasso. Á há awọ aró yẹn kúrò, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ padà nílé. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ti tó. Kó yọ ọ́ kúrò kó tó ri béréètì sómi láti to ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ idẹ tó wà lára alumíníọ̀mù, bí omi tàbí òógùn bá há sáàárín wọn, alumíníọ̀mù á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ni àmì rẹ̀. Kó nù ún gbẹ kó tó fi í sílẹ̀ lálẹ́.

Ti bàbá, báàjì ọlọ́pẹ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wúrà bò ó tàbí kó dán an kó lè rí bíi tuntun. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ wé e sínú aṣọ òwú funfun, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá ń há omi mọ́ idẹ. Dúdú tó wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin. Ibi tí ọwọ́ bàbá ti dán an títí ni ó mọ́, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ni ó dúdú.